Ọkọ̀ Tí Wọ́n Yọ Kúrò Nínú Omi

Ọkùnrin kan wà tí wọ́n fi ṣe olórí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní ìlú tó wà létí ọ̀sà. Ilé náà tóbi, ó mọ́, ó sì dákẹ́. Ère wà níbẹ̀, aṣọ àtijọ́ wà níbẹ̀, idẹ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn kò sí níbẹ̀. Àwọn tó ń wọlé kò ju ọmọ ilé-ìwé tí olùkọ́ wọn fi túláàsì kó wá, àti àlejò tí òjò ká mọ́ òde.

Àwọn onínúure tó ń ṣe ìtìlẹ́yìn fún ilé náà kọ̀wé sí olórí láti ìlú ńlá. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ dà? Wọ́n ní àwọn èèyàn tí ìjọba ti gbàgbé dà? Wọ́n ní bí ọdún méjì bá fi kọjá tí àwọn kò rí wọn nínú ilé náà, àwọn yóò gbé ìtìlẹ́yìn àwọn lọ síbòmíràn.

Olórí náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo fẹ́ kí o mọ èyí kí n tó bá ọ̀rọ̀ lọ, nítorí pé bó bá jẹ́ èèyàn burúkú ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn. Ó fẹ́ràn ohun àtijọ́. Ó sì fẹ́ràn àwọn ọ̀dọ́, bí èèyàn ṣe ń fẹ́ràn ẹni tí kò tíì bá pàdé rí.

Abúlé kan wà ní òdìkejì ọ̀sà. Orí omi ni wọ́n ń gbé, òpó ni wọ́n kọ́ ilé wọn lé. Ẹja ni wọ́n ń pa, ọkọ̀ ni wọ́n ń gbẹ́. Kò sí iná ìjọba níbẹ̀, òrùlé ilé-ìwé wọn sì ti bá ìjì lọ láti ọdún mẹ́ta. Olórí wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, tòun ti ìwé àti bíírò.

Bí wọ́n ti ń sún mọ́ ilé baálẹ̀, ó bojú wo inú omi, ó sì rí ọkọ̀ ńlá kan nísàlẹ̀. Igi kan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́ ẹ lára rẹ̀, iṣẹ́ ọnà sì wà ní orí rẹ̀ àti ní ìdí rẹ̀. Omi ti bò ó mọ́lẹ̀. Ẹrẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹja kéékèèké ń wọ inú rẹ̀, wọ́n ń jáde.

Àánú ṣe é. Ó béèrè ohun tó ṣe ọkọ̀ náà. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló ń tukọ̀ tó gbé e wá, Orímisàn lorúkọ rẹ̀. Ó dáhùn pé kò sí ohun tó ṣe é, ó ń sùn ni. Olórí rẹ́rìn-ín, ó rò pé òwe ni. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àwọn ará ibí yìí ti ju ohun ìní bàbá wọn sínú omi, wọn kò mọ iyì rẹ̀.

Wò ó, kò sí ọmọ ọdún méje ní abúlé náà tí kò mọ ohun tí Orímisàn ń sọ. Ọkọ̀ tí a gbẹ́ lára igi kan kò gbọdọ̀ gbẹ. Bí o kò bá lò ó, rírì ni wàá rì í sínú omi tó tòrò. Wàá da ẹrẹ̀ sínú rẹ̀ kó lè dúró, wàá sì máa wọ omi lọ wò ó. Ọjọ́ tí o bá fẹ́ lò ó, wàá kó ẹrẹ̀ kúrò, wàá gbọ́n omi rẹ̀ dànù, yóò sì léfòó bí ẹni tó jí lójú oorun. Ọkọ̀ tí o bá gbé sí ibi gbígbẹ fún oṣù díẹ̀, yóò là. Bí wọ́n ṣe tọ́jú ọkọ̀ yẹn fún ìran mẹ́rin nìyẹn. Inú rẹ̀ ni baálẹ̀ àkọ́kọ́ gbé dé ibẹ̀, inú rẹ̀ sì ni wọ́n máa ń gbé baálẹ̀ tuntun sí yí abúlé ká kó tó jókòó. Ìdílé Orímisàn ni olùtọ́jú rẹ̀. Ìyá bàbá rẹ̀ ló ń wọ omi lọ wò ó tẹ́lẹ̀. Nígbà tí orúnkún màmá kò gbà á mọ́, ó fi í lé Orímisàn lọ́wọ́, òun ló sì ń wò ó ní ọrọọrún.

Olórí bẹ baálẹ̀ kí wọ́n yọ̀ǹda ọkọ̀ náà fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn àgbà fa ọ̀rọ̀ náà títí. Àwọn kan ní bí wọ́n bá gbé e lọ, kí ni wọn yóò fi gbé baálẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn? Àwọn kan ní bí ará ìlú bá rí ọkọ̀ náà, wọn yóò mọ̀ pé èèyàn ń gbé orí omi, bóyá ẹnì kan á rántí òrùlé ilé-ìwé. Ìyá bàbá Orímisàn ló parí ọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n gbé e lọ, ṣùgbọ́n àyálò ni, kì í ṣe ẹ̀bùn. Ó ní Orímisàn gbọ́dọ̀ máa wá wò ó ní ọrọọrún, kó sì máa ṣe ohun tó bá yẹ sí i.

Inú olórí dùn. Ó ní, “Màmá, ohun tí mò ń wá kiri gan-an nìyẹn, kí àwọn ọ̀dọ́ yín máa wá sọ́dọ̀ wa.”

Ogún ọ̀dọ́ ló wọ omi lọ yọ ọkọ̀ náà. Wọ́n gbọ́n ọn, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n tù ú kọjá ọ̀sà pẹ̀lú orin. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n gbé e ka orí pèpéle nínú yàrá tó tóbi jù. Àwọn òṣìṣẹ́ tan iná sí i lórí. Wọ́n tan ẹ̀rọ amúlétutù sí i tọ̀sán-tòru, nítorí pé ohun iyebíye ni. Wọ́n fi okùn pupa yí i ká, wọ́n sì kọ ọ́ sára ògiri pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i fún aráyé wò, wọ́n fún àwọn ọ̀dọ́ orí omi ní fìlà pupa. Wọ́n fún wọn ní ìpápánu àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Àwọn ẹni ńlá jókòó sábẹ́ ìbòòji, àwọn ọ̀dọ́ dúró sínú oòrùn níbi tí ẹ̀rọ ayàwòrán ti lè rí wọn dáadáa. Fọ́tò náà dé ìlú ńlá kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Àwọn onínúure kọ̀wé padà pé inú àwọn dùn púpọ̀.

Ní ọjọ́ karùn-ún Orímisàn dé pẹ̀lú korobá àti àpò ìdọ̀họ mẹ́ta. Ó fẹ́ fi omi rin àpò, kó fi bo ọkọ̀. Aṣọ́nà dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àgbàlagbà ni aṣọ́nà náà, ó sì mọ ìyá rẹ̀. Ó ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni ọjọ́ àwọn ọ̀dọ́. Orímisàn ní ọkọ̀ kò mọ Sátidé.

Aṣọ́nà ní, “Èmi náà mọ̀, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n Sátidé ni wọ́n kọ síbí. Korobá sì tún wà nínú ohun tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ wọlé, ajá nìkan ló ṣáájú rẹ̀.”

Orímisàn padà sílé. Ó dé ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n tò wọ́n sórí àga. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ìlú ńlá, tí kò jókòó sínú ọkọ̀ rí láyé rẹ̀, dúró níwájú wọn, ó ń kọ́ wọn ní ìwúlò ọkọ̀. Orí ọkọ̀ ló ń pè ní ìdí. Àwọn ọ̀dọ́ wo ara wọn lójú. Ọ̀kan rọra sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé bí ẹni yìí bá tù wá délé, ẹ̀yìn la ó fi wọlé. Orímisàn nawọ́ sókè. Ó ní ọkọ̀ yẹn ti ń gbẹ, òun ti rí ìlà tín-ín-rín kan ní orí rẹ̀. Olùkọ́ ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó tún un sọ. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́, olùkọ́ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ kópa dáadáa.

Nígbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi í sínú ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ Ọ̀dọ́ Olùdámọ̀ràn ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́dún ni wọ́n ń jókòó. Ó lọ sí ìjókòó àkọ́kọ́. Ohun tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni bóyá kí fìlà tuntun jẹ́ pupa tàbí kó jẹ́ àwọ̀ ewé. Ó ní ọkọ̀ ń gbẹ. Alága ní kò sí lára ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún òní, kó fi í pamọ́ di ìparí. Ìparí kò rí àyè. Àwọ̀ ewé ni wọ́n mú.

Nígbà náà ló lọ bá olórí fúnra rẹ̀ nínú ọ́fíìsì.

Ó ní, “Ọ̀gá, ọkọ̀ wa ti ń kú lọ. Ẹ bá wa pa ẹ̀rọ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n fi àpò tútù bò ó, kí n máa bu omi sí i láràárọ̀.”

Olórí ní, “Àbúrò mi, omi náà ló ń ba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jẹ́. Inú ẹrẹ̀ ni mo ti bá a, èmi ni mo yọ ọ́. Àbí ẹ ti gbàgbé?”

“Ta ló gbẹ́ ẹ, sà?”

“Àwọn baba ńlá yín.”

“Ta ló tọ́jú ẹ̀ kí ẹ tó dé?”

Olórí kò bínú. Ó ní ìdí nìyẹn tí àwọn fi fi í sínú ìgbìmọ̀, kí wọ́n lè máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Kó kọ ohun tó ń wí sínú ìwé, kó gbé e fún ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ yóò sì gbé e wá fún òun. Orímisàn béèrè ìgbà tí ìgbìmọ̀ yóò tún jókòó. Olórí wo ìwé, ó ní oṣù kẹsàn-án ni. Oṣù karùn-ún ni wọ́n wà nígbà yẹn.

Ọmọ mi, mo mọ̀ pé o fẹ́ sọ pé ètò ni ètò ń jẹ́. Dákẹ́ ná.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù keje, aṣọ́nà gbọ́ ohùn kan nínú yàrá ńlá, bí ẹ̀ka igi ṣe ń dún bó bá ya. Ó sáré wọlé. Ọkọ̀ ti là láti orí dé ibi tí apá méjì gùn dé, àtẹ́lẹwọ́ èèyàn sì lè wọ ojú lílà náà. Olórí ránṣẹ́ pe káfíńtà. Káfíńtà fi gọ́ọ̀mù po èérún pákó, ó fi dí i, ó fi ọ̀dà kùn ún, ojú ọgbẹ́ sì pamọ́ fún ẹni tí kò mọ ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà sọdá omi kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá bàbá Orímisàn kò bú olórí. Kò darúkọ rẹ̀ rárá. Orímisàn ló pè. Ó ní, “Olórí kò mọ̀. Ìwọ mọ̀. Ọwọ́ rẹ ni mo fi í lé. Kí lo ṣe?”

Orímisàn ní, “Mo sọ fún wọn, Màmá.”

Màmá ní, “Mi ò bi ọ́ ní ohun tí o sọ.”

Ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù náà, ogójì àga ṣófo. Olórí ní bóyá ìpápánu ni kò tó. Ó fi kún un. Àga ṣófo. Ó mú olórin wá. Àwọn ọmọ àdúgbò tó wà lẹ́yìn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé gbọ́ orin, wọ́n wá jó. Àwọn òṣìṣẹ́ dé wọn ní fìlà aláwọ̀ ewé, wọ́n yà wọ́n ní fọ́tò, wọ́n sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ orí omi nìyí. Àwọn onínúure tún kọ̀wé padà pé inú àwọn dùn púpọ̀. Olórí kọ̀wé fún baálẹ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ yín ti ń sọ ìfẹ́ ohun ìní wọn nù.

Ní ọjọ́ Túsìdé kan, tí kì í ṣe ọjọ́ ẹnikẹ́ni, olórí wo ojú fèrèsé, ó rí ogún ọ̀dọ́ tí wọ́n ń bọ̀ láti etí omi. Orímisàn ló ṣíwájú. Okùn wà lọ́wọ́ wọn, àpò tútù wà léjìká wọn. Ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n. Inú olórí dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi sáré ránṣẹ́ pe ayafọ́tò.

Aṣọ́nà dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òfin ni pé kí wọ́n kọ orúkọ wọn sínú ìwé àlejò. Wọ́n tò, wọ́n kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibì kan wà nínú ìwé náà tí èèyàn ti ń kọ ohun tó bá wá. Orímisàn kọ síbẹ̀ pé, “A wá gbé aláìsàn.” Aṣọ́nà kà á. Ó ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì, nítorí pé ẹyọ kan kò ní gba ọkọ̀.

Ìgbà tí olórí fi máa sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti tú okùn pupa, wọ́n ti fi àpò tútù wé ọkọ̀ náà láti orí dé ìdí, ó sì ti wà léjìká wọn. Ó ní kí wọ́n dúró. Ó ní ohun gbogbo ènìyàn ni. Ó bojú wo aṣọ́nà pé kó dá wọn dúró. Aṣọ́nà ní, “Ọ̀gá, gbogbo wọn ló ti kọ orúkọ. Mi ò rí ibi tí wọ́n ti rú òfin.”

Orímisàn kò gbóhùn sókè. Ó ní, “Àyálò ni, sà. Ẹ ṣé. A ti ń gbé e lọ.”

Ẹrù náà wúwo. Wọ́n gbé e gba àárín ìlú, àwọn èèyàn tí kò wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rí sì ń jáde wò ó, wọ́n ń béèrè pé kí ni. Àwọn ọ̀dọ́ ń dá wọn lóhùn. Wọ́n ń sọ ẹni tó gbẹ́ ẹ, wọ́n ń sọ ẹni tó kọ́kọ́ gùn ún. Àwọn ọmọ ìlú kan bá wọn ti èjìká bọ̀ ọ́. Láti ẹnu ọ̀nà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé títí dé etí omi, ìtàn ọkọ̀ náà wọ etí èèyàn ju bó ti wọ̀ ọ́ ní gbogbo oṣù tó lò lórí pèpéle. Olórí ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn pẹ̀lú bàtà dúdú rẹ̀. Kò bá wọn gbé e. Ẹnikẹ́ni kò ní kó bá wọn gbé e.

Ọkọ̀ náà kò lè léfòó mọ́. Ọkọ̀ mẹ́rin ni wọ́n so mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó lè gbé e kọjá. Wọ́n rì í síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Orímisàn wọ omi, ó yọ gọ́ọ̀mù àti èérún pákó kúrò pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, ó da ẹrẹ̀ lé e.

Olórí, tó ti wọ ọkọ̀ tẹ̀ lé wọn kọjá ọ̀sà, béèrè bóyá ọkọ̀ náà yóò padà bọ̀ sípò. Orímisàn ní òun kò mọ̀. Ó ní igi máa ń wú bó bá rí omi, ojú lílà lè pa dé, ó sì lè má pa dé. Òjò ọdún méjì ni wọn yóò fi mọ̀. Olórí béèrè bóyá òun lè máa wá wò ó. Orímisàn ní ọrọọrún ni òun ń wò ó, kó wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti òkè ni wọ́n ti ń wò ó o, yóò wọ omi. Wọ́n ní olórí dúró lórí pákó títí, ó ń wo bàtà rẹ̀. Bóyá ó bọ́ ọ tàbí kò bọ́ ọ, èmi kò mọ̀, n kò sì ní purọ́ mọ́ ọn kí ìtàn lè dùn.

Ó tó. Ìwọ ni mo ń bá wí.

O kọ̀wé olójú-ewé mẹ́rin sí mi, ìwọ olórí ẹgbẹ́ tó kọ́ ilé ìkàwé sí àdúgbò àwọn afọ́kùúta. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé èmi kì í yára kàwé. Irun mi ti funfun kí n tó mọ̀wé kà, kò sì sí ẹni tó kọ́ mi. O ní o ti ra ìwé, o ti ra kọ̀ǹpútà, o ti ṣe àpèjẹ, o ti pín báàgì, síbẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ kò wá. O ní kí èmi àgbà bá ọ wá sọ̀rọ̀ fún wọn kí wọ́n lè mọ iyì ìwé. Ó sú mi. Ta ló sọ fún ọ pé wọn kò mọ iyì ìwé? Ta ló ń fọ́ òkúta tí kò mọ̀ pé ohun mìíràn dára ju òkúta lọ?

Ní ojú-ewé kejì, ìwọ fúnra rẹ ló kọ ọ́ pé ọmọbìnrin kan dìde níbi ìpàdé yín, ó ní agogo mẹ́rin ni wọ́n ń kúrò nídìí òkúta, ilé yín sì ń tì ní agogo mẹ́ta. O kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wú yín lórí. O fi fọ́tò rẹ̀ sí ojú-ewé àkọ́kọ́. Láti oṣù kẹta ni. Lónìí, ilé yín ṣì ń tì ní agogo mẹ́ta.

N kò ní wá. Kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ fún wọn. Mo ti rí ojú ọmọ náà nínú fọ́tò, ìwọ náà sì mọ ilé rẹ̀. Dìde, lọ bá a. Mú kọ́kọ́rọ́ ilé náà dání, kì í ṣe báàgì. Fi lé e lọ́wọ́. Bó bá ní kí o jókòó, jókòó. Bó bá ní kí o máa lọ sílé, máa lọ sílé.